Ibùsọ̀ Mélòó ni Èkó sí Àkúrẹ́?

Àwọn àgbà ní, àìrìn jìnnà ni a kò rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi ti rìn níwọ̀n bí ọjọ́ orí mi ti mọ, n kò sì tí ì rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́ kankan. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọ̀nà kan tí ó kúrú lórí ìwé, tí ó sì gùn nígbà tí a bá ń rìn ín. Ọ̀nà náà ni èyí tí ó ti Èkó lọ sí Àkúrẹ́, òun ni mo sì fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ̀rọ̀ lé lórí.

Bí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ìyá tí ó bí ìyá mi ń gbé ní Òdà, ní ìhà gúúsù Àkúrẹ́, láàárín àwọn àgbẹ̀ oníkòkó. Ní àkókò ìsinmi wa kan, mo wà ní Èkó lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi ọkùnrin, nígbà tí wọ́n pè wá lórí tẹlifóònù pé ara ìyá àgbà kò yá, ó sì ń béèrè mi. Àbúrò ìyá mi ní kí n má ṣe gba orí ilẹ̀ lọ. Ó ní, "Wọ ọkọ̀ òfurufú. Ìṣẹ́jú 45 péré ni. Kí oúnjẹ àárọ̀ tó dà nínú rẹ, o ti dé Àkúrẹ́." Òun ni ó san owó ọkọ̀ náà, èmi sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Aago 8 òwúrọ̀ ni mo ti dé pápá ọkọ̀ òfurufú ní Ìkẹjà. Aago 10 ni ó yẹ kí ọkọ̀ wa gbéra. Nígbà tí aago 10 lù, wọ́n ní kí a dúró di aago 12. Aago 12 lù, wọ́n ní ó di aago 3. Àwọn kan ń pariwo, àwọn kan ń bú èpè, bàbá arúgbó kan sì tú gèlè tí ìyàwó rẹ̀ fi di àkàrà, ó ń jẹ ẹ́ ní tirẹ̀ láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí aago 5 kọjá díẹ̀, wọ́n wá bẹ̀ wá pé ọkọ̀ náà kò ní lọ mọ́ ní ọjọ́ náà. Mo padà sùn ní ilé àbúrò ìyá mi. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ kejì, mo wọ bọ́ọ̀sì ní Ọjọ́ta. A gba Ṣàgámù àti Ìjẹ̀bú-Òde, a dé Ọ̀rẹ̀, a yà sí Oǹdó, a sì wọ Àkúrẹ́. Níbẹ̀ ni mo ti tún wọ ọkọ̀ kékeré lọ sí Òdà. Aago 3 ọ̀sán ti lù kí n tó dé ẹnu ọ̀nà ilé wa.

Ọlọ́run ṣeun, mo bá ìyá àgbà lórí ìjókòó, ó ń mu ẹ̀kọ gbígbóná. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, wọ́n ní ẹyẹ onírin ni ìwọ yóò bá wá. Báwo ni ọ̀nà rẹ̀ ti jìn tó?" Mo dáhùn pé, "Ìyá, ìṣẹ́jú 45 ni." Ó wò mí títí, ó ní, "Láti àná ni mo ti ń retí rẹ. Irú ìṣẹ́jú wo ni èyí tí í sùn lọ́nà?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Nígbà tí mo padà sí ilé ẹ̀kọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí wá ìdáhùn rẹ̀ kiri nínú ìwé ìtàn àti lórí àwòrán ilẹ̀. Ohun tí mo rí ni mo kó jọ síhìn-ín.

Kí a kọ́kọ́ gbọ́ ti àwọn oníṣirò. Pápá ọkọ̀ òfurufú Àkúrẹ́ wà ní ẹ̀bá ọ̀nà Ọ̀wọ̀, ní ìhà ìlà-oòrùn ìlú náà. Ti Èkó wà ní Ìkẹjà, orúkọ Murtala Muhammed ni a sì fi ń pè é. Bí a bá na okùn láti ọ̀kan dé èkejì láìyà sí ọ̀tún tàbí òsì, nǹkan bí 230 kìlómítà ni yóò jẹ́, èyí tí í ṣe máìlì 143. Àwọn awakọ̀ òfurufú ní máìlì tiwọn, tí ó gùn ju ti orí ilẹ̀ lọ, nítorí mítà 1,852 ni ó wà nínú ẹyọ kan. Lọ́dọ̀ tiwọn, nǹkan bí máìlì 124 ni. Ẹni tí ó bá gba orí ilẹ̀ yóò rìn tó 300 kìlómítà, ìbáà gba Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Iléṣà, ìbáà gba Ọ̀rẹ̀ àti Oǹdó, nítorí ọ̀nà ilẹ̀ a máa yí ká òkè, a sì máa wá ibi tí odò ṣeé kọjá.

Ọkọ̀ òfurufú alábẹ̀bẹ̀ a máa sá tó 500 kìlómítà ní wákàtí kan. Bí ó bá jẹ́ pé eré yìí ni ó ń sá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìṣẹ́jú 28 ni ì bá fi dé Àkúrẹ́. Ọkọ̀ ńlá tí ń sá 800 kìlómítà ì bá sì lo ìṣẹ́jú 17. Kí ni ó wá sọ ọ́ di ìṣẹ́jú 45? Ìdí ni pé ọkọ̀ náà yóò kọ́kọ́ rọra rìn lórí ilẹ̀ lọ sí ibi tí yóò ti sáré, yóò dúró gba àṣẹ, yóò gòkè díẹ̀díẹ̀. Kò sì ní pẹ́ tí ó gòkè tán tí yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀kalẹ̀. Nígbà mìíràn yóò yípo kí ó lè kọjú sí afẹ́fẹ́ kí ó tó balẹ̀. Lórí ọ̀nà kúkúrú báyìí, ọkọ̀ tí ó yára kò fi bẹ́ẹ̀ ṣáájú èyí tí kò yára. Oòrùn nìkan ni ó ń rin ọ̀nà náà láìdúró gba àṣẹ: nítorí pé Àkúrẹ́ wà ní ìlà-oòrùn Èkó, nǹkan bí ìṣẹ́jú 8 ni oòrùn fi ń yọ níbẹ̀ ṣáájú kí ó tó yọ ní Ìkẹjà.

Àwọn baba wa kò fi ìṣẹ́jú wọn ọ̀nà. Ẹ̀kọ́ èdè ni mo ń kọ́, nítorí náà kí ẹ jọ̀wọ́ ẹ fún mi láyè kí n tú ọ̀rọ̀ kan wò. Ibùdó ni ibi tí a dó sí. Ibùsùn ni ibi tí a ń sùn sí. Ibùsọ̀ sì ni ibi tí a ti ń sọ ẹrù kalẹ̀. Alágbàárù tí ẹrù ti wọ̀ lọ́rùn a máa ké sí ẹni tí ó bá pàdé pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ̀ mí o," èyí ni pé kí onítọ̀hún bá òun gbé e kúrò lórí. Láti ibi tí a ti rù ú dé ibi tí a ti sọ̀ ọ́, ibùsọ̀ kan nìyẹn. Nígbà tí ìwé dé, tí a sì ń wá orúkọ fún máìlì òyìnbó, ibùsọ̀ yìí náà ni a mú. Bí ọ̀nà bá wá gùn ju ibùsọ̀ lọ, a ó ní irin ọjọ́ kan ni, tàbí irin ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ má ṣe rò pé àwa nìkan ni a ń ṣe bẹ́ẹ̀. Máìlì tí àwọn òyìnbó fi ń yangàn, ọ̀rọ̀ èdè Látìn ni ó ti wá, ẹgbẹ̀rún ìṣísẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀, ìṣísẹ̀ àwọn ọmọ ogun Róòmù. Àwọn ará Páṣíà ní òṣùwọ̀n tiwọn tí wọ́n ń pè ní farsakh, tí ó tó ìwọ̀n ìrìn wákàtí kan. Ara ènìyàn ni gbogbo ayé kọ́kọ́ fi wọn ọ̀nà. Ìdí nìyí tí ìyá àgbà fi béèrè bí ọ̀nà ti jìn tó, tí kò fi béèrè iye kìlómítà. Ohun tí ó ń fẹ́ mọ̀ ni ohun tí ojú mi rí kí n tó dé.

Nísinsìnyí kí a wá wo ìtàn ọ̀nà náà fúnra rẹ̀. Ní ayé àtijọ́, ìhà Bìní ni àwọn oníṣòwò Àkúrẹ́ ń kọjú sí jù. Títí di òní ni àwọn ọmọ Ẹ̀dó tí baba wọn tẹ̀dó sí Àkúrẹ́ wà níbẹ̀. Nígbà tí Èkó wá di ọjà ńlá, tí àwọn òyìnbó sì gbà á ní 1861, gbogbo ojú yí sí etí òkun. Ṣùgbọ́n báwo ni a ó ti dé ibẹ̀? Àwọn Ẹ̀gbá àti àwọn Ìjẹ̀bú ni ó wà láàárín. Àwọn ni ó ni ọ̀nà, wọ́n sì mọ̀ pé ẹni tí ó ni ọ̀nà ni ó ni èrè. Bí inú bá bí wọn sí Ìbàdàn tàbí sí Èkó, wọn a ti ibodè, ọjà a sì kú. Yàtọ̀ sí èyí, ogun wà káàkiri, àwọn ajínigbé sì ń lúgọ sínú igbó. Kò sí ẹni tí í dá rìn. Ẹgbẹ́ èrò ni gbogbo ènìyàn ń bá lọ, tí àwọn tí ó ní ìbọn wà níwájú àti lẹ́yìn.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. John Glover, tí ó jẹ́ olórí ìjọba Èkó ní àwọn ọdún 1860 títí di 1872, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Gólóbà, bẹ̀rẹ̀ sí wá ọ̀nà mìíràn tí kò ní gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá tàbí ti Ìjẹ̀bú kọjá. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí ó ti oko ẹrú àti ilẹ̀ Sàró padà sí Èkó ń fẹ́ ọ̀nà tí wọn yóò gbà dé ilé. Ọ̀nà tí wọ́n rí nìyí: wọn a wọ ọkọ̀ ojú omi ní Èkó, wọn a gba ojú ọ̀sà lọ sí ìhà ìlà-oòrùn títí dé agbègbè Àtìjẹ́rẹ́ àti Ayẹ̀sàn; níbẹ̀ ni wọn a ti gúnlẹ̀, wọn a sì fi ẹsẹ̀ la igbó já dé Òde Oǹdó. Láti Oǹdó, wọn a lọ sí Òkè-Igbó, Ifẹ̀ àti Iléṣà, tàbí kí wọ́n yà sí ọ̀nà Àkúrẹ́ àti Èkìtì. Ìdíwọ́ kan wà: ìjà abẹ́lé ti tú ìlú Oǹdó ká, àwọn ará ìlú sì ti fọ́n sí oko. Ní 1872 ni Glover rán Roger Goldsworthy lọ síbẹ̀ láti bá wọn parí ìjà náà, kí wọ́n lè padà sí ìlú wọn, kí ọ̀nà sì lè là.

Ẹ wo bí ọ̀nà yìí ti gùn tó. Ẹni tí ó bá fẹ́ ti Èkó lọ sí Iléṣà, ìhà àríwá ni ibi tí ó ń lọ wà, ṣùgbọ́n yóò kọ́kọ́ lọ sí ìlà-oòrùn lórí omi, yóò sì tún padà sí ìwọ̀-oòrùn nínú igbó. Síbẹ̀ àwọn èrò yàn án, nítorí pé ọ̀nà tí ó yípo tí ó sì là sàn ju ọ̀nà tààrà tí a tì lọ. Níbí ni mo ti rí ìbẹ̀rẹ̀ ìdáhùn ìbéèrè ìyá àgbà.

Ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀ ní 1877 láàárín àwọn Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, tí Ògèdèǹgbé jẹ́ balógun fún. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó wà ní Èkó dá owó, wọ́n ra ìbọn òyìnbó tí a ń ki láti ẹ̀yìn, wọ́n sì fi wọ́n ránṣẹ́ sílé. Ọ̀nà Oǹdó yìí ni àwọn ìbọn náà gbà dé ojú ogun. Kí ẹ sì wo bí ayé ti rí: nígbà tí ogun náà sú gbogbo ènìyàn, Gómìnà Moloney rán àlùfáà méjì láti bá àwọn ọmọ ogun sọ̀rọ̀ àlàáfíà ní 1886. Samuel Johnson, ẹni tí ó kọ ìwé ìtàn ilẹ̀ Yorùbá, lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn. Charles Phillips, tí iṣẹ́ ìhìnrere rẹ̀ wà ní Oǹdó, tí ó sì wá di bíṣọ́ọ̀bù ní 1893, ni ó lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn Èkìtìparapọ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886 ni wọ́n dá májẹ̀mú àlàáfíà. Ọ̀nà tí ó gbé ìbọn lọ ni ó tún gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà lọ.

Àlàáfíà náà ni ó sì pa ọ̀nà ọ̀hún. Ní 1892 àwọn òyìnbó fi ogun ṣí ọ̀nà Ìjẹ̀bú. Ọ̀nà Ẹ̀gbá náà là lẹ́yìn rẹ̀. Reluwé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní Èkó ní 1896 dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì dé Òṣogbo ní 1907. Kò dé Àkúrẹ́, kò dé Oǹdó, títí di òní. Àwọn tí ó wà ní ojú ọ̀nà àná wá di ará ẹ̀yìn igbó. Nígbà tí kòkó di owó, lọ́rì ni a fi ń kó o, bọ́lẹ̀kájà sì ni àwọn èrò ń wọ̀, wọn a gba Iléṣà, Ifẹ̀ àti Ìbàdàn kí wọ́n tó rí Èkó. Nígbà tí a wá la ọ̀nà Ṣàgámù sí Bìní tán ní àwọn ọdún 1970, ọ̀nà ìhà gúúsù tún sọjí, Oǹdó sì tún padà sí ojú ọ̀nà. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1967, Ọ̀rẹ̀ tí ó wà lójú ọ̀nà yìí ni wọ́n ti dá ọmọ ogun Biafra dúró nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wá sí ìhà Èkó, èyí ni ó bí gbólóhùn tí àwọn ènìyàn wa ń sọ pé, "Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀!"

Ní ti ọkọ̀ òfurufú, Kánò ni ó ti kọ́kọ́ balẹ̀ ní ilẹ̀ wa, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 1925. Ní 1946 àwọn ìjọba ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ òyìnbó dá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kan sílẹ̀ pọ̀. Ní 1958 Nàìjíríà dá tirẹ̀ sílẹ̀, Nigeria Airways, èyí tí ó kógbá sílé ní 2003. Àkúrẹ́ di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní oṣù Kejì ọdún 1976, lẹ́yìn náà ni a sì ṣe pápá ọkọ̀ òfurufú fún un. Àwọn ìgbà kan ti wà tí ẹyẹ oko ń balẹ̀ síbẹ̀ ju ọkọ̀ lọ. Ní ọ̀rúndún yìí, ọkọ̀ Overland àti Air Peace wà lára àwọn tí ó ti ná an. Ìbẹ̀rù ojú ọ̀nà ni ó sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di èrò inú wọn, nítorí àwọn ajínigbé tún ti padà sínú igbó wa, débi tí àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá fi dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2020. Bí Glover bá jí, yóò mọ ọ̀rọ̀ náà lọ́gán.

Ṣùgbọ́n ojú òfurufú náà ní ewu tirẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá ọdún 2013, ọkọ̀ kan gbéra ní Ìkẹjà, Àkúrẹ́ ni ó ń lọ. Òkú Olúṣẹ́gun Agagu, gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó tẹ́lẹ̀ rí, ni ó ń gbé lọ sílé fún ìsìnkú. Ènìyàn 20 ni ó wà nínú rẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí ó kúrò nílẹ̀ tí ó fi já lulẹ̀ nítòsí pápá náà, púpọ̀ nínú wọn sì kú. Àwọn tí ó wádìí ọ̀ràn náà rí i pé ìkìlọ̀ ti ń dún létí àwọn awakọ̀ kí ó tó gbéra. Àwọn ará ilé dúró de òkú kan ní Àkúrẹ́, òkú púpọ̀ ni wọ́n gbọ́. Ọmọ Ìjù-Òdò, ní agbègbè Òkìtìpupa, ni Agagu, ní ìhà omi tí àwọn èrò ọ̀nà Oǹdó ń gbà kọjá nígbà ayé àwọn baba wọn.

Kí ni mo wá rí kọ́ nínú gbogbo èyí? Mo rí i pé ìjìnnà Èkó sí Àkúrẹ́ kò yí padà láti ọjọ́ tí ilẹ̀ ti wà. Ohun tí ó ń yí padà ni iye ibi tí a ti ń dá èrò dúró. Nígbà ayé Glover, oníbodè ni ó ń dá wọn dúró, àti ogun, àti òkùnkùn igbó. Ní ayé tiwa, ìjókòó ni a ń dá wa dúró sí, pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá ní ìṣẹ́jú 45 ni ọ̀nà náà kò purọ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọkọ̀ ti gbéra títí di ìgbà tí ó balẹ̀ ni ó kà. Kò ka ti Ọjọ́ta, kò ka ti Ọ̀wọ̀, kò sì ka ọ̀nà tí ó ti inú Àkúrẹ́ lọ sí Òdà, níbi tí arúgbó kan ti ń yọjú wo ìta.

Mo lo ọjọ́ 11 lọ́dọ̀ ìyá àgbà nígbà náà. Ní alẹ́ kan mo bi í léèrè bí wọ́n ti ń ka ọ̀nà nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́mọbìnrin, tí ó ń ru kòkó láti oko wá sílé. Ó ní láti oko dé ilé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni òun ń sọ̀, ṣùgbọ́n bí ìyá òun bá jókòó sí ẹnu ọ̀nà tí ó ń dúró de òun, ẹ̀ẹ̀kan ni. Oṣù méjì lẹ́yìn èyí ni ó fi ilẹ̀ bora bí aṣọ. Ní ọjọ́ náà, orí ilẹ̀ ni mo gbà. N kò bi ẹnikẹ́ni léèrè bí ọ̀nà ti jìn tó.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, nígbà tí ẹ bá tún dé ilé, ẹ bi àwọn àgbà yín bí wọ́n ti ń ka ọ̀nà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí kò sí nínú àwòrán ilẹ̀ kankan. Bí wọ́n bá sì ń retí yín, ẹ tètè gbéra. Àjò kò dùn kí onílé má re ilé.